Ohun Tí Ojú Kò Rí Láàárín DNA Méjì

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀ lọ́dọọdún nígbà tí àwọn ọmọ ọdún kẹrin bá ń gbèjà iṣẹ́ àṣejáde wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé igi ìran sí ojú ògiri, ẹ̀ka igi náà á tẹ́ rẹrẹ, àwọ̀ rẹ̀ á dùn ún wò. Olùkọ́ kan á wá bi í pé, "Kí ló dé tó o fi lo Kimura?" Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni, "Sà, ohun tí mo bá nínú MEGA nìyẹn." Ẹ̀rín á sọ, máàkì á já. Mo kọ èyí kí ẹni tó bá kà á lè dáhùn ìbéèrè náà tinútinú, kó sì mọ ìgbà tí ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì àti ìgbà tí kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú ọ̀rọ̀ ibà Lassa tí mo máa mú wá níwájú, ibi tí ìṣirò méjì ti yàtọ̀ síra lè ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ.

Mowé ni mò ń gbé, nítorí náà danfo ni àpẹẹrẹ mi máa ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Ògùn: Mowé, Ìbàfọ̀, Ìfọ̀ àti Sàngó Ọ̀tà. DNA ní lẹ́tà mẹ́rin, A, G, C àti T. Ká fi Mowé ṣe A, Ìbàfọ̀ ṣe G, Ìfọ̀ ṣe C, Sàngó ṣe T. Ẹ fi bí mo ṣe pín in yẹn sọ́kàn, ó ní ìdí. Ká ní ẹ jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ẹ rí danfo kan ní gáréèjì Mowé, ẹ wá padà dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ bá danfo kan náà níbẹ̀. Ṣé ẹ lè búra pé kò kúrò lójú kan? Ó lè ti lọ Ìbàfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ kó tó padà síbi tó wà. Bí ẹ bá sì bá a ní Ìfọ̀, ohun kan ṣoṣo tó dá yín lójú ni pé ó rìn. Bóyá ìrìn kan ló rìn, bóyá márùn-ún ni, ojú yín kò tó o.

Bí ipò kọ̀ọ̀kan nínú DNA ṣe rí nìyẹn. Lẹ́tà A lè di G, kí G di C, kí C tún padà di A. Ẹni tó wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyípadà mẹ́ta ti kọjá lọ. Tiwa tilẹ̀ le ju ti danfo lọ, nítorí a kò rí òwúrọ̀ rárá. Ọmọ ìyá méjì la ń wò, tí kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ láti ara ìyá kan tó ti kú tipẹ́. Ìjìnnàsíra tí a ń wá jẹ́ àpapọ̀ ìrìn tí àwọn méjèèjì ti rìn.

Ìwọ̀n tó rọrùn jù ni kéèyàn ka ipò tó yàtọ̀, kó fi iye gbogbo ipò pín in. Bí 50 bá yàtọ̀ nínú 200, 0.25 nìyẹn. Èyí ni wọ́n ń pè ní p-distance. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Iye ibi tí ojú rí ìyàtọ̀ ló ń sọ. Àmọ́ iye ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ gan-an la fẹ́ mọ̀, yálà ojú rí i tàbí kò rí i. Èyí ni mo máa pè ní d.

Ní 1969, Thomas Jukes àti Charles Cantor ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti ti ara p dé ọ̀dọ̀ d. Ohun tí wọ́n rò kò díjú: ipò kọ̀ọ̀kan lè yí padà, bó bá sì fẹ́ yí padà, kò ní lẹ́tà tó yàn láàyò nínú mẹ́ta tó kù. Ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣe é. Ẹ kó 1,000 danfo jọ, ẹ kọ ìlú tí kálukú wà sílẹ̀, kí wọ́n wá máa rìn bó ṣe wù wọ́n láàárín ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti rin ìrìn 100 lápapọ̀, nǹkan bí 94 la máa bá níbi tó yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà péré ló sọnù lójú wa. Nígbà tí ìrìn bá di 500, 365 la máa rí. Ní ìrìn 1,000, 552. Ní 2,000, 698. Ní 3,000, 736.

Ẹ tún wo òpin yẹn. Láti 2,000 dé 3,000, wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ìrìn kún un, ohun tí ojú rí kò sì fi ju 38 lọ. Kò ní kọjá 750 láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ rìn dọ́dún tó ń bọ̀, nítorí pé bí ohun gbogbo bá ti dàrú tán, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn danfo á kàn ṣèèṣì wà níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí DNA méjì tí kò tan mọ́ra rárá fi máa ń bára mu ní ìdá kan nínú mẹ́rin bí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pọ̀ bákan náà. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé nǹkan méjì jẹ́ ìbátan, ẹ ní kó lọ jókòó.

Fọ́múlà Jukes àti Cantor kò ju ìtàn danfo yẹn lọ:

p = 3/4 × (1 − e^(−4d/3))

Bí a bá yí i padà kí d lè dá dúró:

d = −3/4 × ln(1 − 4p/3)

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Fún p = 0.25, 4/3 rẹ̀ jẹ́ 0.333. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.667. Ẹ tẹ ln, ó di −0.405. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú −0.75, ó di 0.304. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 200 ipò tí a ti rí ìyàtọ̀ 50, ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ sún mọ́ 61. Mọ́kànlá ló sá pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ibà Lassa

Ọdún 1969 yẹn kan náà ni wọ́n dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ń gbé lára èkúté tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis, èyí tó máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ wa. RNA ni ohun ìní fáírọ́ọ̀sì yìí, ó pín sí ẹ̀là méjì: L tó gùn ju lẹ́tà 7,000 lọ, àti S tó ju 3,000 lọ. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n máa ń sọ RNA náà di DNA kí wọ́n tó kà á, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí T níbi tí ẹ ti ń retí U. Ìṣirò wa kò yí padà.

Ní 2015, Kristian Andersen, Christian Happi, Pardis Sabeti àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Cell. Wọ́n gba fáírọ́ọ̀sì lára àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo àti ní Kenema ní Sierra Leone, wọ́n sì ka gbogbo lẹ́tà wọn. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ láàárín àwọn fáírọ́ọ̀sì Lassa lè tó 32% ní ẹ̀là L, àti 25% ní ẹ̀là S. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí pé Lassa ti wà ní Nàìjíríà fún nǹkan bí 1,000 ọdún, àti pé nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá.

25% ni 0.25 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò. Kó tó dé ọwọ́ Jukes àti Cantor, 0.25 ni, lẹ́yìn rẹ̀, 0.304. Ẹ ṣe 32% ti ẹ̀là L fúnra yín, ẹ máa rí 0.417. Ẹ ò ní rí i pé àfikún yẹn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà: 0.25 fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé, 0.32 fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé. Bí fáírọ́ọ̀sì méjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ohun tó sá pamọ́ ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí p-distance fi máa ń fún ẹ̀ka àtijọ́ lára igi ìran pọ̀ kúrú, tí kì í sì í pa ẹ̀ka tuntun lára. Igi náà á tẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn kéré.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ọdún? Bí r bá jẹ́ iye ìyípadà fún ipò kan lọ́dún kan, ọdún tí fáírọ́ọ̀sì méjì ti pínyà ni d tí a fi 2r pín. Méjì yẹn wà níbẹ̀ nítorí pé ọmọ ìyá méjèèjì ló ń rìn. Ẹnì kan lè sọ pé bí p bá kéré jù, r tí a fi p ṣírò náà á kéré, wọn á wá pa ara wọn rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà ní ọdún tó súnmọ́ra ni a ti ń rí r, níbi tí lẹ́tà tó yí padà ti kéré, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó sá pamọ́. r dára, p ti àwọn tó jìnnà ni kò dára. Ká ní p sọ fún yín pé ọdún 400 ni. Pẹ̀lú r kan náà, Jukes àti Cantor á sọ ọ́ di nǹkan bí 487. A ò sì tíì débi tó le.

Ojú ọ̀nà méjì

Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi pín ìlú bí mo ṣe pín in. Mowé àti Ìbàfọ̀ wà lójú ọ̀nà kan, ìyẹn màrósẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀ àti Sàngó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Danfo tó ń ná Mowé sí Ìbàfọ̀ pọ̀ bí eṣú. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ti Mowé lọ Ìfọ̀ máa wọ ọkọ̀ ju ẹyọ kan lọ, yálà kó gba Èkó tàbí kó la abẹ́ igbó kọjá. Àṣejù ni kéèyàn sọ pé ìrìn méjèèjì wọ́pọ̀ bákan náà, bẹ́ẹ̀ ohun tí Jukes àti Cantor sọ gan-an nìyẹn.

A àti G jọ ara wọn ní ìrísí, wọ́n tóbi ju C àti T lọ. C àti T náà jọra. Láti A sí G, tàbí láti C sí T, ni wọ́n ń pè ní transition. Kí lẹ́tà ré kọjá láti ọ̀dọ̀ àwọn kan sí ọ̀dọ̀ àwọn kejì ni transversion. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní transition kan àti transversion méjì tó lè ṣe, nítorí náà bí ohun gbogbo bá dọ́gba, transversion ló yẹ kó fi ìlọ́po méjì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ DNA tí a ń kà, transition ló pọ̀ jù. Motoo Kimura, ará Japan, fi èyí sínú ìṣirò ní 1980. Ó ní ká ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: P fún transition, Q fún transversion.

d = −1/2 × ln(1 − 2P − Q) − 1/4 × ln(1 − 2Q)

Nínú ìyàtọ̀ 50 wa, ká ní 40 jẹ́ transition, 10 jẹ́ transversion. P jẹ́ 0.20, Q jẹ́ 0.05. Apá kìíní jẹ́ 0.299, apá kejì jẹ́ 0.026, àpapọ̀ rẹ̀ 0.325. Ìyàtọ̀ 50 kan náà ni, ipò 200 kan náà ni, ṣùgbọ́n d ti kúrò ní 0.304. Ìdí rẹ̀ yé danfo dáadáa: bí ọ̀pọ̀ ìrìn bá jẹ́ Mowé sí Ìbàfọ̀, ó rọrùn púpọ̀ kí ọkọ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìrìn tó sá pamọ́ á sì pọ̀ sí i. Ìdáhùn tí olùkọ́ ń retí lọ́jọ́ ìgbèjà nìyẹn, pẹ̀lú iye transition àti transversion tí ẹ kà nínú iṣẹ́ tiyín.

Lẹ́yìn Kimura, àwọn mìíràn ń tú ohun tó so pọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1985, Hasegawa, Kishino àti Yano gbà pé lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í pọ̀ bákan náà. Ní 1993, Tamura àti Nei pín transition A sí G kúrò lára C sí T. Mi ò ní fi fọ́múlà wọn dà yín láàmú, kọ̀ǹpútà á bá yín ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo wákàtí mẹ́ta lórí pé Tamura ni àbí Kimura, wọn kò wá ní wo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ó lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Gbogbo danfo kọ́ ló ń rìn. Ẹ lọ sí gáréèjì kankan, ẹ máa rí èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ látàárọ̀, ẹ sì máa rí èyí tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bẹ́, tí adìyẹ ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni DNA. Ipò kẹta nínú kódónì máa ń yí padà láìṣe nǹkan kan fún prótéènì lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ó ń rìn fàlàlà. Ipò kejì bá yí padà, prótéènì yí padà, fáírọ́ọ̀sì lè kú, a ò sì ní rí i mọ́. Nígbà tí 50 bá yàtọ̀ nínú 200, ó lè jẹ́ pé 100 péré ló ń rìn. Àwọn tó ń rìn yẹn ti wá rìn lọ, wọ́n ti rìn bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ju bí a ṣe rò lọ.

Wọ́n máa ń fi ìpín gamma ṣe àtúnṣe èyí. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní a ló ń sọ bí ìrìn ṣe yàtọ̀ tó láti ipò dé ipò: bí a bá kéré, àwọn díẹ̀ ló ń sáré tí ọ̀pọ̀ jókòó, bí a bá tóbi gan-an, gbogbo wọn ń rìn bákan náà, a sì padà sọ́dọ̀ Jukes àti Cantor. Fọ́múlà náà rèé:

d = 3/4 × a × [(1 − 4p/3)^(−1/a) − 1]

Mo mú a = 0.5 kí ìṣirò lè rọrùn. 0.667 tí a bá gbé sí agbára −2 jẹ́ 2.25. Yọ 1, ó ku 1.25. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.375, ó di 0.469.

Ẹ ò rí i bí ó ṣe fò sókè. Láti inú 0.25 tí ojú rí, Jukes àti Cantor fún wa ní 0.304, Kimura fún wa ní 0.325, gamma fún wa ní 0.469. Ọdún 400 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan ti di 750 báyìí. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé àádọ́ta nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà kan kún DNA tó wà nílẹ̀.

Ní kíláàsì àtúnkọ́ tí mò ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún kẹta, àbúrò kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú máa fi a kékeré sí i ni, kí fáírọ́ọ̀sì mi lè gbó dáadáa?" Mo ní rárá o. DNA tó wà lọ́wọ́ ẹ ló máa sọ iye a fún ẹ. MEGA lè ṣírò rẹ̀, IQ-TREE náà lè ṣe é, wọ́n sì máa fi ẹ̀rí hàn ẹ́ ìdí tí iye kan fi dára ju èkejì lọ. Bó o bá fi ọwọ́ ara ẹ yan a, ìwọ lo yan ọdún.

Gamma náà kì í yanjú gbogbo rẹ̀. Joel Wertheim àti Sergei Kosakovsky Pond fi hàn ní 2011 pé bí àyẹ̀wò kò bá ka bí àdánidá ṣe máa ń gbá ìyípadà búburú dànù, a lè máa pe fáírọ́ọ̀sì àgbàlagbà ní ọmọdé. Àwọn fáírọ́ọ̀sì bíi ti èéyi àti Ebola wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò.

Kí ló kan ẹnikẹ́ni bóyá Lassa jẹ́ ọmọ 400 ọdún tàbí ọmọ 1,000? Ó kan ara wa gan-an. Ní 2007, Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA àwọn Yorùbá Ìbàdàn wò lára àwọn ènìyàn tó wà nínú iṣẹ́ HapMap. Wọ́n rí àmì pé àdánidá ti gbé oríṣi jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní LARGE ga láàárín wa. Jíìnì yìí ló ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára prótéènì kan lójú sẹ́ẹ̀lì, alpha-dystroglycan, prótéènì náà gan-an sì ni fáírọ́ọ̀sì Lassa máa ń dì mú kó tó wọlé. Àbá tí wọ́n dá ni pé ó ṣeé ṣe kí Lassa ti máa bá àwọn baba ńlá wa jà títí tí ara wọn fi ń kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo ara. Àbá ni o, kì í ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọdún ṣe wọ̀ ọ́. Bí ìran kan bá jẹ́ ọdún 25, ọdún 400 jẹ́ ìran 16, ọdún 1,000 sì jẹ́ ìran 40. Àdánidá kì í kánjú lára ọmọ ènìyàn. Ẹni tó bá ń gbé àbá yẹn yẹ̀ wò, ìran 16 àti ìran 40 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà lójú rẹ̀.

Ibi tí kò ti já mọ́ nǹkan kan

Ẹ má torí ohun tí mo sọ wá máa gbé gamma káàkiri bí ìgbálẹ̀. Ní oṣù kejì 2020, arìnrìn-àjò kan láti Ítálì balẹ̀ sí Èkó, ó sì lọ sí Ewékorò fún iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ̀ pé ẹ ó kọjá Ìfọ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ọjọ́ 27 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní Kòrónà, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn ní Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ka gbogbo lẹ́tà fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì gbé e jáde fún aráyé ní oṣù kẹta. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti Áfíríkà. (Mowé níbí ni yunifásítì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kó tó kó lọ sí Ẹdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwa ará Mowé yangàn díẹ̀.)

Fáírọ́ọ̀sì Kòrónà tí a fi ń ṣe òdiwọ̀n ní lẹ́tà 29,903. Nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí àrùn náà ti là. Ká ní fáírọ́ọ̀sì méjì fi lẹ́tà 10 yàtọ̀. p jẹ́ 0.00033. Bí ẹ bá fi Jukes àti Cantor ṣe é, àfikún tó máa bá lẹ́tà 10 yẹn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà kan ṣoṣo. Danfo 29,903 tí mẹ́wàá péré lára wọn rìn, kí ni àǹfààní pé ọ̀kan nínú wọn rìn lẹ́ẹ̀mejì? Níbẹ̀ kì í ṣe fọ́múlà ló yẹ kó ká yín lára, bí kò ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ka lẹ́tà náà. Lẹ́tà kan tí ẹ̀rọ kà sódì ju gbogbo ohun tí Kimura lè tún ṣe lọ.

Bákan náà ni iṣẹ́ àṣejáde lórí ẹja. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ra ẹja lọ́jà, a ó ka apá jíìnì COI tó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 650, a ó sì fi Kimura wọn ìjìnnàsíra. Àṣà ni, ó bẹ̀rẹ̀ lára iṣẹ́ Paul Hebert ní 2003. Amrita Srivathsan àti Rudolf Meier ta kò ó ní 2012 pé láàárín ẹ̀yà tó súnmọ́ra, Kimura kì í sábà bá DNA náà mu, àti pé p-distance lásán kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ wọn. Bí ẹja méjì bá fi 2% yàtọ̀, 0.0200 àti 0.0203 ni ẹ̀ ń jà sí.

Nǹkan méjì ló kù. Àkọ́kọ́, gbogbo ìṣirò yìí gbà pé ẹ ti to lẹ́tà náà dáadáa, kí ipò kan dojú kọ ipò tó bá a tan gan-an. Bí ìtò bá ti yẹ̀ ní lẹ́tà kan, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e á di ìyàtọ̀ èké. Ẹ fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Èkejì ni gígùn. p wa tó jẹ́ 0.25 láti inú ipò 200 fún wa ní d 0.304, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 0.046. Ohun tí a mọ̀ gan-an ni pé ó wà láàárín 0.21 sí 0.39. Bí ipò bá jẹ́ 2,000, ìwọ̀n àṣìṣe á lọ sílẹ̀ sí 0.015. Ó tún burú sí i nígbà tí p bá ń sún mọ́ 0.75. Nínú ipò 200, bí 140 bá yàtọ̀, d jẹ́ 2.03, bí 144 bá yàtọ̀, ó di 2.41. Lẹ́tà mẹ́rin péré! Bí 150 bá wá yàtọ̀, ln kò ní ohun tó máa mú, kọ̀ǹpútà á kọ̀ láti dáhùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ yọ ipò kẹta kódónì kúrò, tàbí kí ẹ lo prótéènì dípò DNA.

Ẹ gbìyànjú èyí. Ipò 300, ìyàtọ̀ 60, nínú rẹ̀ 45 jẹ́ transition, 15 jẹ́ transversion. Ẹ wá p, ẹ wá Jukes àti Cantor, ẹ wá Kimura, kí ẹ sì fi gamma tí a rẹ̀ jẹ́ 0.5 ṣe ti Jukes àti Cantor. Ohun tí èmi rí ni 0.200, 0.233, 0.242 àti 0.322. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bọ́tìnnì log lẹ tẹ̀ dípò ln.